Lathe tó ń ṣe milling: èwo ni kí n rà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Matori?

Ṣáfútì_Matori

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń yọjú síbí láì sọ̀rọ̀, mo kàn ń jí ọgbọ́n yín kó ni. Lónìí mo ní láti la ẹnu, torí ọ̀rọ̀ ti dójú owó.

Lathe ọlọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí irinṣẹ́ lè fá a, mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Colchester ni méjì. Ìkẹta, ẹni tó tà á fún mi ti kùn ún débi pé n ò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Milling kan náà wà, èyí tí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń yí láti gé irin, Bridgeport ni, ó dàgbà jù mí lọ. Èmi àti ọmọṣẹ́ mẹ́rin la jọ ń bá a yí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di pure water máa ń gbé igba shaft, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, fún mi lóṣooṣù. Shaft náà jẹ́ 30 mm, gígùn rẹ̀ 260 mm. Ó ní keyway 8 mm, ìyẹn kòtò gbọọrọ tí irin key ń wọ̀, ó ní ihò 6 mm kan tó là á kọjá, ihò yẹn sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 90 sí keyway. Wọ́n tún ní ká fá ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ lójú méjì, 2 mm lójú kọ̀ọ̀kan, kí sípánà lè dì í mú. Orí kejì, thread M20. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí lathe, ara tu wá. Bó bá ti bọ́ sórí milling báyìí, ẹjọ́ dé. Àwọn ọmọ á gbé e sórí V-block, irin tó ní kòtò bíi lẹ́tà V, wọ́n á fún un, wọ́n á ní "ọ̀gá, a ti kúlọ́ọ̀kù ẹ̀," ìyẹn pé wọ́n ti fi kúlọ́ọ̀kù alábẹ́rẹ́ wo bó ṣe gún sí. Lóṣù tó kọjá, 23 ni wọ́n dá padà fún mi. Keyway ò sí láàárín, ihò kọrí síbi tó wù ú. Owó ara mi ni mo sì fi ra irin.

Mo wá ní kí n kúkú ra ẹ̀rọ kan tó máa ṣe gbogbo ẹ̀ láì gbé e kúrò lójú kan. Mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ jẹ́ tuntun láti Táíwàn, CNC lathe (kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀) oní live tool, irinṣẹ́ tó ń yí fúnra rẹ̀ bíi ti milling, ó ní Y axis tó ń jẹ́ kí irinṣẹ́ yà sọ́tùn-ún sósì, spindle kan tó ń yí irin pẹ̀lú tailstock tó ń ti ìdí irin, Fanuc ni control rẹ̀. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Japan, ó wà nínú wíàháòsì kan lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Ẹ̀rọ ńlá ni, orí milling gidi ló ní, orí yẹn máa ń dagun, ó ń pààrọ̀ irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, spindle rẹ̀ méjì. Ẹni tó ń tà á ní axis márùn-ún ni, ìyẹn pé ó lè rìn lọ́nà márùn-ún. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ti Táíwàn. Ẹ̀kẹta jẹ́ tuntun láti Ṣáínà, ó ní live tool, àmọ́ C axis nìkan ló ní, èyí tó ń yí irin dé ìwọ̀n tí a bá fẹ́ kó dúró, kò ní Y. Owó rẹ̀ ò ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọkàn mi wà lára tòkunbọ̀ yẹn, kí n má parọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kékeré_Ṣómólú

Axis márùn-ún fún shaft pure water! Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ńlá gbé ẹyọ ẹyin kan.

Àgbà_Rélùwéè

Ọmọ mi, kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́, láyé ìgbà tí ọ̀gá máa gba etí ẹ bó o bá gbé máíkírómítà lé orí bẹ́ẹ̀dì lathe. Kó o tó máa lé ẹ̀rọ olówó gegere, dá mi lóhùn: kí ló di shaft yẹn mú lórí milling? V-block. V-block ò mọ ibi tí keyway wà. Tí ọmọ yẹn bá tú shaft láti yí i kó lè lu ihò, ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni 23 ti jáde.

Wá collet block 5C onígun mẹ́rin, irin tí collet inú rẹ̀ ń di ọ̀pá mú yíká. Fi shaft sínú ẹ̀, gé keyway, má tú u. Block yẹn ni kó o yí dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nínú fáìsì, kó o wá lu ihò. Igun block ló máa fún ẹ ní 90 yẹn, kì í ṣe ojú ọmọṣẹ́.

Àǹtí_CNC

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yìn yín la ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n shaft 30 mm ò lè wọ 5C o. 5C ò gbà ju nǹkan bíi 27 sí 28 mm lọ.

Àgbà_Rélùwéè

Òótọ́ ni, ọmọ mi obìnrin. Ó pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Ó dáa, kó ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Kó wá irin onígun mẹ́rin 60 mm, kó gé e ní 80 mm. Kó fi milling fá ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n gún régé síra wọn, kó fi kúlọ́ọ̀kù wò ó, kó má fi ẹnu wò ó. Kó gbé e sórí lathe pẹ̀lú chuck ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń di irin mú, kó gbẹ́ ihò 30 mm sí àárín gan-an, kó jẹ́ kí shaft wọ inú ẹ̀ fúńfún. Kó fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀, kó fi bóòtù M8 méjì fún un pọ̀. Kó de irin kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kí gbogbo shaft máa kan ibì kan náà. Ọjọ́ kan péré ni. Irin tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló máa lò.

Ṣáfútì_Matori

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Màá ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ ra ẹ̀rọ o. Iṣẹ́ ń bọ̀, ọwọ́ ò ká a mọ́.

Bọ̀dá_Ìsọlọ̀

Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nídìí lathe oní live tool ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, mo mọ bó ṣe ń rí. Jẹ́ ká jọ ṣírò o. Shaft tó o sọ yìí, tó bá wà lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ká gbé e sí i, ká yọ ọ́, ká dorí ẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kan, ká ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Igba lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 1,800 ìṣẹ́jú. Wákàtí 30 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ò pé, iṣẹ́ oṣù kan ti parí.

Ọjọ́ tó kù nínú oṣù ńkọ́? Ẹ̀rọ á máa wò ẹ́, gbèsè á máa wò ẹ́. Èyí ló ń pa àwọn tó ń ra ẹ̀rọ nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Tí oníbàárà pure water yẹn bá wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ńkọ́? Lọ gbé ìwé iṣẹ́ ẹ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kó o wo iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gun lathe kó tó gun milling. Ìyẹn nìkan ni kó o kà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sórí lathe, Colchester ẹ ṣì ń ṣe é, má kà á mọ́ ọn.

Ṣáfútì_Matori

Ẹ ṣé, bọ̀dá. Mo jókòó tì í lálẹ́ àná títí iná fi lọ. Oríṣi iṣẹ́ 14 ni mo rí. Mẹ́fà ló ń gun ẹ̀rọ méjèèjì: shaft pure water, pulley oní keyway, flange tó ní ihò mẹ́fà yíká fún àwọn tó ń ṣe pọ́ọ̀nbù, bush kan fún ilé iṣẹ́ ọ̀rá, nut bàbà, àti roller kúkurú fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Tí mo bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó tó wákàtí 90 lóṣù. Roller gígùn ò wọ inú ẹ̀, ó ju 900 mm lọ, mo yọ ọ́.

Nǹkan míì tí mo rí: flange yẹn, mi ò gbé e sí lẹ́tọ̀ọ́ rí. Ihò mẹ́fà, a máa ń fi kọ́ńpáàsì sàmì sí i ni.

Bọ̀dá_Ìsọlọ̀

90 ti ń sọ̀rọ̀. Flange yẹn gan-an ni C axis ṣe wà. Chuck á yí ní ìwọ̀n 60, á dúró gbọin, live tool á lu u, 60 míì, lu u. Kò nílò Y rárá. O rí i pé iṣẹ́ ló ń sọ irú ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Àǹtí_CNC

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ Y yìí, torí ibẹ̀ ni owó ti fi ìlọ́po méjì yàtọ̀. Mo máa fi shaft yín gan-an ṣàlàyé.

Ẹ mú ojú pẹrẹsẹ ti sípánà. Shaft 30 mm, ẹ fá 2 mm lára ẹ̀. Tí ẹ bá wọn ojú tó pẹrẹsẹ yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ máa jẹ́ nǹkan bíi 15 mm. End mill, irinṣẹ́ tó ń yí tó sì ń gé, 16 mm kan ti bò ó tán. Ẹ̀rọ á ti C pa, end mill á wọlé láti òkè, á rìn lọ ní ìnà shaft, ó parí. Y ò ní iṣẹ́ ńbẹ̀. Ihò 6 mm tó gba àárín kọjá, bákan náà, kò nílò Y.

Keyway ni ẹjọ́ wà. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí keyway 8 mm má fi ohunkóhun tóbi ju 8.00 lọ, kó sì má kéré ju 7.964 lọ. Tí ẹ bá ti end mill 8 mm wọ ọ́ tààrà, tó ń gé ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, irinṣẹ́ yẹn á máa tì sápá kan, keyway á tóbi, á sì tún wọ́ díẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa fi 6 mm gba àárín lọ, á wá padà fá ògiri kan, á fá èkejì. Kí irinṣẹ́ tó lè yà sọ́tùn-ún sósì bẹ́ẹ̀ láì yí shaft, àfi kó ní Y. Tí ẹ̀rọ ò bá ní Y, tí ẹ wá fi C yí shaft díẹ̀ láti fá ògiri, ògiri méjèèjì ò ní dojú kọ ara wọn mọ́, àárín shaft ni wọ́n á máa wò. Key á wọlé lókè, á há nísàlẹ̀. Àwọn tó ń to ẹ̀rọ á fi òòlù lù ú wọlé, wọ́n á sì bú ẹni tó ṣe é.

Nítorí náà ẹ̀rọ Ṣáínà yẹn ò burú, ẹ má bínú sí i. Bó bá jẹ́ flange àti bush nìkan ni ẹ ń ṣe, òun ni mo máa ní kí ẹ rà. Keyway ló gbé yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Orí tó ń dagun wá ńkọ́? Ihò tó dagun mélòó lẹ ti lù láti ọdún tó kọjá?

Ṣáfútì_Matori

Àǹtí, ẹyọ kan. Mo fi wẹ́ẹ̀jì igi gbé fáìsì dagun, mo lu u.

Àǹtí_CNC

Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ spindle méjì. Ó dára fún iṣẹ́ kúkurú tí ẹ ń gé lára ọ̀pá irin gígùn: spindle kejì á wá gba nǹkan náà lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, á ṣe ẹ̀yìn ẹ̀. Shaft yín jẹ́ 260 mm ní 30 mm. Ó gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ fífẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ ò bá fi tailstock ti ìdí ẹ̀, á máa gbọ̀n, ara ẹ̀ á rí bí páànù ìfọṣọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibi tí tailstock yẹ kó wà ni spindle kejì jókòó sí. Ẹ wo inú ìwé ẹ̀rọ dáadáa. Thread M20 yẹn náà, kò bá keyway ṣe rárá. Sípánà pàápàá ò bìkítà ibi tí keyway wà. Keyway àti ihò nìkan ló gbọ́dọ̀ wà ní ìdìmú kan náà. Ẹ lè dorí ẹ̀ kodò ṣe èyí tó kù láì bẹ̀rù.

Tòkunbọ̀_Onírin

Ẹ má wulẹ̀ ba ọjà tòkunbọ̀ jẹ́ o. Òwódé Onírin ni mo wà, ó ju ogún ọdún lọ. Ìdajì ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Èkó, tòkunbọ̀ ló gbé wọn dìde. Colchester tí ẹ̀gbọ́n ń lò yẹn, ṣé tuntun ló bá a? Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, mélòó nínú yín ló lè ra tuntun láì ta ilẹ̀?

Ohun tí mo máa sọ ni pé kó o má sanwó lórí ẹ̀rọ tí kò gba iná lójú ẹ. Wọ́n á ní "ó dára nígbà tí wọ́n tú u." Gbogbo ẹ̀rọ ló dára nígbà tí wọ́n tú u.

Bọ̀dá_Ìsọlọ̀

Òótọ́ lọ̀gá Onírin sọ. Mo fi kún un.

Gbé kúlọ́ọ̀kù àti ẹsẹ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì dání. Jẹ́ kí spindle yí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fọwọ́ kan iwájú ẹ̀, bó bá gbóná tí o ò lè fọwọ́ dúró lára ẹ̀, bíárìnì ń sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé kúlọ́ọ̀kù kan turret, ibi tí wọ́n de àwọn irinṣẹ́ mọ́. Fi handwheel rìn ín ní 0.01, 0.01, lọ síwájú bí ìgbà mẹ́wàá, kó o wá yí i padà. Ka iye ìgbà tó o máa yí i kí abẹ́rẹ́ tó mira. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kò burú. Bó bá tó márùn-ún, ballscrew, ìyẹn skurú tó ń ti axis, ti jẹ, tàbí wọ́n ti gbá turret mọ́ nǹkan rí. Ṣe é lórí X, lórí Z, kó o má sì gbàgbé Y, torí Y ni wọn kì í wò.

Ní ìgbẹ̀yìn, gbé irin tìrẹ lọ. Ní kí wọ́n gé 30 mm ní gígùn 100 mm fún ẹ, wọn orí àti ìdí ẹ̀. Ní kí wọ́n gé keyway kan sí i. Ẹni tó bá ń wá àwáwí nígbà tó o bá mú irin jáde lápò, kí i pé ó dàbọ̀.

Àǹtí_CNC

Nǹkan kan wà tí kúlọ́ọ̀kù ò lè rí, mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ọ nítorí Ọlọ́run.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Japan tí kì í ṣe ti àtijọ́, pàápàá àwọn oní axis márùn-ún, wọ́n ti fi nǹkan kan sínú wọn tó ń mọ̀ bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́. Òfin ìlú wọn lórí ọjà tó lè di ohun ìjà ló fà á. Bí ẹ̀rọ bá ti mọ̀ pé wọ́n gbé òun, á tì ara ẹ̀ pa. Iná á tàn, ojú control á mọ́lẹ̀ rekete, kò ní rìn. Àwọn tó ṣe é nìkan ló lè ṣí i, wọ́n á sì kọ́kọ́ bi yín pé ta ló tà á, ibo ló ń lọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe.

Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ra irú ẹ̀, mi ò ní dárúkọ. Kireéènì gbé e wọlé, wọ́n pa àgùntàn, wọ́n tan iná. Ó ní kí wọ́n mú nọ́ńbà wá. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi tapólì bò ó. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, àwọn ọmọ ń sá ṣẹ́ẹ̀tì wọn lé e lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tòkunbọ̀_Onírin

Ìyẹn, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Èmi kì í gbé oní axis márùn-ún wá. Mo ń sọ ti lathe.

Iná_ò_Dúró

Ẹ̀yin oníṣẹ́ irin, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ò sọ ohun tó máa jẹ. Wáyà ni tèmi.

Iná wa jẹ́ 415 volti, phase mẹ́ta, 50 Hz. Tòkunbọ̀ Japan sábà máa ń fẹ́ 200. Ẹ máa ra tiransífọ́mà tó máa gbé e wá sílẹ̀, tó tóbi tó ẹ̀rọ náà, owó gidi ni, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kì í sì í kà á. Bó bá jẹ́ tuntun lẹ ń rà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé 400 volti, 50 Hz, kí wọ́n tó kàn án.

Lóòótọ́ ìlà wa ti wà lórí Band A láti 2024, wọ́n ní wákàtí 20 lójúmọ́. Wákàtí tó kù ńkọ́? Ìgbà tí irinṣẹ́ bá wà nínú irin gan-an ni NEPA máa ń mú iná. Ẹ óò máa gbá insert tó kán jọ, ìyẹn ẹnu irinṣẹ́ tó ń gé irin.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nì wá le jùyẹn. Bí mótò spindle bá jẹ́ 15 kW, ẹ má fi jẹ́nì 20 kVA tan ara yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40 kVA. Ìdí ẹ̀ nìyí: bí spindle tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan bá dúró lójijì, dráìfù, àpótí tó ń darí mótò, á dá iná padà sínú wáyà. NEPA tóbi, á gbé e mì. Jẹ́nì kékeré ò lè gbé e mì, volti á fò sókè, alarm á gba ojú control. Ẹ óò máa pe èmi, ẹ óò ní dráìfù ti jóná, bẹ́ẹ̀ jẹ́nì ni.

Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní earth tirẹ̀, kí ẹ gbá a wọlẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n so mọ́ páìpù omi yẹn kì í ṣe earth.

Kékeré_Ṣómólú

Ọ̀gá wáyà ti ba ọjọ́ mi jẹ́. Tèmi wà lára páìpù omi.

Bọ̀dá_Ìsọlọ̀

Bátìrì náà, ẹ jọ̀ọ́. Control wọ̀nyí ní bátìrì tó ń bá wọn rántí gbogbo nǹkan tó wà nínú wọn, òmíràn sì wà fún àwọn axis. Bó bá kìlọ̀ pé bátìrì ti ń lọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí iná. Mo ti pa ẹ̀rọ kó tó dìgbà tí mo yọ bátìrì rí, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa, bí ẹni tó ń tún iná ilé ṣe. Nígbà tí mo tan án padà, kò mọ ibi tí òun wà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ẹni tó wá tò ó. Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí oṣù fi parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni holder, ohun tó ń di live tool mú lórí turret. Wọ́n á fi live tool polówó ẹ̀rọ fún ẹ, tó bá dé, holder kan tàbí méjì ló máa bá a wá. Shaft ẹ nìkan nílò mẹ́ta: ti keyway, ti ihò, ti ojú pẹrẹsẹ. Flange fẹ́ èyí tó kọjú sí chuck. Mẹ́rin nìyẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé. Béèrè irú ẹnu turret náà, ṣé VDI ni àbí BMT, torí ti ọ̀kan ò wọ èkejì. VDI yá láti pààrọ̀. BMT ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ojú turret, ó máa ń dúró gbọin bí irin bá le. Fún irin tí ò ń gé, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára, o kàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó o rà.

Àǹtí_CNC

Ta ló máa kọ prógíráàmù fún un?

Ṣáfútì_Matori

Àǹtí, ẹ̀kejì nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ti lọ sí Yábàá Tẹ́ẹ̀kì, ó mọ G-code díẹ̀.

Àǹtí_CNC

Díẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ náà gan-an, kí ìyẹn wà nínú owó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbá turret mọ́ chuck. Kó mú rapid, eré tí ẹ̀rọ ń sá bí kò bá gé irin, wá sílẹ̀ pátápátá, kó máa tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó kọ́kọ́ gé atẹ́gùn kó tó gé irin. Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró lẹ́yìn ẹ̀ máa ní "ó pẹ́ jù."

Ṣáfútì_Matori

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo wá jábọ̀.

Mo ṣe block Bàbá. Ọjọ́ kan ni Bàbá ní, ọjọ́ méjì ló gbà mí, torí ihò àkọ́kọ́ tóbi, shaft ń jó nínú ẹ̀, mo ju ú nù. Èkejì wọ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Nínú igba ti oṣù yìí, méjì ni wọ́n dá padà. Ọ̀kan nínú méjèèjì, thread ni, ẹjọ́ block kọ́.

Mo lọ wo tòkunbọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń tà á ní iná ò sí. Mo ní kò burú, mo padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú Bọ̀dá Ìsọlọ̀, Ọlọ́run á bá wa san án fún wọn. Iná wà. Wọ́n tan án, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yọ lórí ẹ̀, kò rìn. Ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ kàn ní òtútù ni. Bọ̀dá wo ojú mi, èmi náà wo ojú wọn. A lọ jẹ ìrẹsì ní Ládiípọ̀.

Ti Táíwàn ni mo máa rà, oní Y àti tailstock, àmọ́ kì í ṣe lóṣù yìí. Ní báyìí tí ìdápadà ti dín kù, ara tù mí láti dúró kí n kó owó jọ, dípò kí n lọ yá a. Mo ti ní kí wọ́n tún ìwé owó kọ: 400 volti, 50 Hz, holder mẹ́rin, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Holder méjì ni wọ́n fi sí i lákọ̀ọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Flange ni mo ti ń gbé fún ẹni kan tó ní C axis ní Ìkẹjà, kó máa bá mi lu ihò ẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ́ńpáàsì mọ́.

Ọ̀gá Iná_ò_Dúró, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yà wá wo wáyà mi lọ́jọ́ Sátidé? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà tó wọlé yìí lè gbé e, kí n tó da kọnkéré síbẹ̀.

Iná_ò_Dúró

Sátidé dára. Aago mẹ́wàá. Má da kọnkéré títí n ó fi dé, torí earth gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀.

Àgbà_Rélùwéè

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Èmi náà máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi kan ń gbé ní Múṣín. Gbé block tó o ju nù yẹn jáde fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí ihò ẹ̀ tóbi.

Ṣáfútì_Matori

Bàbá, ọmọṣẹ́ ti fi ṣe òòlù.